Ǹjẹ́ Iye Ìgbà tí A Dárúkọ Ẹni ni Òṣùwọ̀n Iṣẹ́ Ẹni?

Kò sí iṣẹ́ kan lábẹ́ ọ̀run tí kò ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Aránṣọ a máa fi okùn wọn ara oníbàárà rẹ̀. Ẹni tí ń ta gààrí a máa fi kóńgò wọ̀n ọ́n. Àgbẹ̀ a máa ka ebè rẹ̀ kí ó tó mọ iye èbù tí yóò wá. Ṣùgbọ́n kí ni a ó fi wọn iṣẹ́ ẹni tí ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wádìí ewéko, tí ó ń kọ ohun tí ó bá rí sínú ìwé, tí kò sì gbé ẹrù kan lọ sí ọjà? Ní ayé òde òní, ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ àwọn ọlọ́gbọ́n ń fún ìbéèrè yìí ni pé: ẹ ka iye ìwé tí ó kọ, kí ẹ sì ka iye ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn dárúkọ ìwé náà nínú tiwọn. Ẹni tí a bá dárúkọ jù ni iṣẹ́ rẹ̀ tóbi jù. Ǹjẹ́ ìdáhùn yìí tọ̀nà bí? Èyí ni ohun tí àwa fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ọ̀rọ̀ wa yìí. Kì í ṣe nítorí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ni a ṣe fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, bí kò ṣe nítorí pé gbogbo wa tí ń kọ́ni, àti àwọn ọmọ tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ wa, abẹ́ òǹkà ni a ń gbé: òǹkà máàkì, òǹkà ipò nínú kíláàsì, òǹkà ìwé ẹ̀rí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí àṣà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí onímọ̀ kan bá kọ ìwé nípa ohun tí ó wádìí, ó di dandan fún un láti sọ ibi tí ó ti rí ohun tí ó fi bẹ̀rẹ̀: Lágbájá ni ó kọ́kọ́ rí èyí, Làmọ̀rín ni ó wọn tọ̀hún. Èyí ni à ń pè ní ìtọ́kasí. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1873, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Frank Shepard bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àkójọ àwọn ẹjọ́, kí àwọn agbẹjọ́rò lè mọ ẹjọ́ tuntun tí ó tọ́ka sí ẹjọ́ àtijọ́. Irú èyí ni Eugene Garfield dá lábàá ní ọdún 1955 pé kí a ṣe fún ìwé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ìwé atọ́ka náà sì jáde ní ọdún 1964. Ohun tí a ṣe é fún ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni kí olùwádìí lè tọ ipasẹ̀ èrò kan láti inú ìwé kan dé òmíràn, gẹ́gẹ́ bí ọdẹ ti ń tọ ipasẹ̀ ẹran. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó lè tọ́ka, a lè fi ka iye pẹ̀lú. Kò pẹ́ kò jìnnà, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ka ara wọn.

Ní ọdún 2005, Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì kan ní Kalifóníà, gbé òǹkà kan jáde tí ó kó gbogbo rẹ̀ sí ojú kan. Bí onímọ̀ nípa ewéko kan bá ti kọ ìwé 60, tí 20 nínú wọn sì jẹ́ èyí tí àwọn ẹlòmíràn ti dárúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìgbà 20 ó kéré tán, tí a kò sì lè rí 21 tí a dárúkọ ní ìgbà 21, a ó wí pé òǹkà rẹ̀ jẹ́ 20. Òǹkà kan ṣoṣo yìí ni ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ń wò kí wọ́n tó gba ènìyàn sí iṣẹ́, kí wọ́n tó gbé e ga, tàbí kí wọ́n tó fún un ní owó ìwádìí. Ogójì ọdún tí ènìyàn fi wà nínú oòrùn àti nínú òjò, òǹkà yìí a máa dì í sínú nọ́ńbà méjì.

A kò gbọdọ̀ yára bú àṣà yìí, nítorí ó ní ìdí tí ó dára. Kí òǹkà tó dé, ta ni ń sọ pé iṣẹ́ kan dára? Ẹni ńlá ni. Bí ẹni ńlá bá fẹ́ràn rẹ, iṣẹ́ rẹ dára. Bí kò bá mọ bàbá rẹ, iṣẹ́ rẹ kò dára. Òǹkà kò mọ ọmọ ẹni tí ènìyàn í ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ní tààrà. Ìgbà mìíràn sì wà tí ariwo orúkọ àti ìwúlò iṣẹ́ máa ń bá ara wọn dọ́gba. Ní ọdún 1962, Toshio Murashige àti Folke Skoog, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan nípa irú oúnjẹ tí a lè fi bọ́ ẹ̀já tábà kékeré nínú ìgò kí ó lè yára dàgbà. Títí di òní, ní ilẹ̀ gbogbo, àwọn tí ń gbin ewéko sínú ìgò kí ó má bàa ní àrùn ń po oúnjẹ náà bí àwọn méjèèjì ti kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń dárúkọ wọn. Ìwé náà wà lára àwọn tí a dárúkọ jù lọ nínú gbogbo ìmọ̀ nípa ewéko. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí ń dárúkọ wọn ń lo iṣẹ́ wọn.

Bí gbogbo rẹ̀ bá rí báyìí, ọ̀rọ̀ wa ìbá parí síhìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo Gregor Mendel. A bí i ní ọdún 1822, ó sì jẹ́ mọ́ńkì ní ìlú Brno, tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Ṣẹ́ẹ̀kì lónìí. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni òun náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó lọ sí Vienna fún ìdánwò ìwé ẹ̀rí olùkọ́, ìwé ẹ̀rí náà kò sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì. Síbẹ̀ ó ń kọ́ àwọn ọmọ gẹ́gẹ́ bí adelé. Láti ọdún 1856 títí di 1863, ó gbin irúfẹ́ ẹ̀wà roboto kan tí àwọn ará Yúróòpù ń jẹ sínú ọgbà ilé àwọn mọ́ńkì. Ó tó 28,000 igi ẹ̀wà tí ó gbìn tí ó sì yẹ̀ wò. Ó mú ẹ̀wà tí ó dán roboto, ó fi gba ìrudí èyí tí ó hunjọ. Nígbà tí ó tún gbin èso wọn, ó jókòó, ó sì ka ohun tí ó so ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú 7,324 hóró, ó rí 5,474 tí ó jẹ́ roboto, àti 1,850 tí ó hunjọ. Mẹ́ta sí ẹyọ kan ni, tàbí kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Láti inú kíkà yìí ni ó ti rí òfin tí ó fi hàn bí ìwà òbí ti ń dé ara ọmọ, àti bí ohun tí ó fara pamọ́ nínú ọmọ ti tún ń yọ jáde nínú ọmọ-ọmọ.

Ó ka ọ̀rọ̀ náà sétí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìlú Brno ní oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún 1865, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní 1866. Ó gba ẹ̀dà 40, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ọlọ́gbọ́n. Carl Nägeli, ọ̀jọ̀gbọ́n olókìkí ní Munich, dá èsì padà fún un, ṣùgbọ́n kò rí bí ohun tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀ ti wúwo tó. Ní ọdún 1868 wọ́n fi Mendel ṣe olórí ilé àwọn mọ́ńkì náà, iṣẹ́ ìṣàkóso sì gba àkókò rẹ̀. Ní ọdún 1884 ó kú. Àwọn tí ó dárúkọ ìwé rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn kò pọ̀, ẹni tí ó sì yé nínú wọn kéré sí i. Ní ọdún 1900 ni Hugo de Vries ní Họ́láńdì, Carl Correns ní Jámánì àti Erich Tschermak ní Austria, tí olúkúlùkù wọn ń wádìí tirẹ̀, wá kan ìwé àtijọ́ náà. Láti ìgbà náà ni orúkọ Mendel ti wọ inú gbogbo ìwé tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fi ń kọ́ nípa ohun abẹ̀mí.

Bí a bá fi òǹkà òde òní wọn Mendel ní ọdún tí ó kú, kí ni à bá rí? Ọkùnrin kan tí ó kọ ìwé díẹ̀, tí àwọn ènìyàn díẹ̀ dárúkọ, tí kò sì ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Kò dájú pé ìgbìmọ̀ kan ìbá fún un ní iṣẹ́. Síbẹ̀, ohun tí ó kọ ní 1866 kò yí padà ní lẹ́tà kan ṣoṣo kí ọdún 1900 tó dé. Àwọn òǹkàwé ni ó yí padà. Nítorí náà, bí òǹkà bá kéré, ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ni kò tó nǹkan, ó sì lè jẹ́ pé ojú àwọn tí ń wò ó ni kò tíì là. Òǹkà náà fúnra rẹ̀ kò lè sọ èyí tí í ṣe. Ẹnìkan lè dá wa lóhùn pé òtítọ́ lé irọ́ bá nígbẹ̀yìn, nítorí bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Mendel ti lo ọdún 16 nínú ibojì kí ọjọ́ kan náà tó dé, àwọn ìgbìmọ̀ tí ń gbani sí iṣẹ́ kì í sì í dúró fún ọdún 34.

Òdìkejì rẹ̀ tún wà. Ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà nígbà ìjọba Stalin, Trofim Lysenko ń kọ́ni pé òfin Mendel kì í ṣe òtítọ́, àti pé a lè tọ́ ohun ọ̀gbìn kí ìwà tuntun tí ó bá kọ́ di ti ìran rẹ̀. Nikolai Vavilov, ẹni tí ó ti rin ayé já láti kó irúgbìn jọ, kò gbà fún un. Wọ́n mú Vavilov ní ọdún 1940, ó sì kú nínú ẹ̀wọ̀n ní Saratov ní 1943. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1948, ẹ̀kọ́ Lysenko di àṣẹ, wọ́n sì lé àwọn olùkọ́ tí ń kọ́ni ní òfin Mendel kúrò nínú iṣẹ́. Ní àkókò náà, ta ni orúkọ rẹ̀ ń dún nínú ìwé àwọn onímọ̀ ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ náà bí kò ṣe Lysenko? Ẹni tí ó bá ka orúkọ nìkan yóò pè é ní ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ohun ọ̀gbìn kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, ẹ̀kọ́ náà sì wó lulẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí ilẹ̀ tiwa, kí a sì bi gbáàgúdá léèrè. Àrùn kan wà tí ń mú ewé gbáàgúdá ká kò, tí ń fi àmì pupa rẹ́súrẹ́sú sí i lára, tí kì í sì í jẹ́ kí ó ta dáradára. Eṣinṣin funfun kékeré ni ó ń gbé e láti ara igi kan dé ara èkejì, àwa fúnra wa náà sì ń gbé e kiri nígbà tí a bá gé igi tí ó ní àrùn fún gbígbìn. Láàrin ọdún 1930 sí 1940, ní Amani ní ilẹ̀ Tanganyika, tí í ṣe apá kan Tanzania lónìí, H. H. Storey àti R. F. W. Nichols mú gbáàgúdá, wọ́n fi gba ìrudí ìbátan rẹ̀ kan tí ń mú oje rọ́bà wá, nítorí àrùn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ mú un. Ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ bí kò ní iṣu gidi nídìí. Wọ́n tún dá a padà fún gbáàgúdá lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà, irúgbìn láti inú iṣẹ́ náà dé Moor Plantation ní Ìbàdàn, níbi tí a ti ṣa ọ̀kan tí ó dára tí a sì fi nọ́ńbà 58308 sọ lórúkọ.

Ní ọdún 1967 ni a dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí à ń pè ní IITA sílẹ̀ ní Ìbàdàn, Sang Ki Hahn, ọmọ ilẹ̀ Kòríà, sì dé ibẹ̀ ní 1971. Òun àti àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́ mú 58308, wọ́n fi gba ìrudí àwọn gbáàgúdá mìíràn, títí wọ́n fi rí irú èyí tí ń jẹ́ TMS 30572, tí àrùn kì í tètè bò mọ́lẹ̀, tí ó sì ń ta púpọ̀. Ó tàn ká oko wa. Lónìí Nàìjíríà ni ó ń pèsè gbáàgúdá jù lọ ní gbogbo ayé. Àwọn ará Ìkirè kò ka iye ìgbà tí a dárúkọ Hahn nínú ìwé. Wọ́n wo oko, ní 1983 wọ́n sì fi í jẹ Sẹ̀ríkí Àgbẹ̀. Kò sí ibi tí òǹkà Hirsch ti ń ka oyè mọ́ ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí ohun kan níhìn-ín. Àgbẹ̀ tí ó gé igi gbáàgúdá tí ó dára fún aládùúgbò rẹ̀ ti tọ́ka sí iṣẹ́ Hahn, ó sì ti tọ́ka sí ti Storey àti Nichols pẹ̀lú, bí kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ wọn rí. Obìnrin tí ń yan gààrí ní ẹ̀bá ọ̀nà ń tọ́ka sí i láràárọ̀. Irú ìtọ́kasí báyìí kò sí ìwé tí ó kà á. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó ka àwọn alágbàṣe tí ó ro ọgbà ìdánwò náà, tí ó bomi rin ín, tí ó sì gbé àpò ìkórè wá sórí òṣùwọ̀n. Láìsí wọn, kò sí nọ́ńbà tí ìbá wọ inú ìwé ọ̀jọ̀gbọ́n kankan.

Bí òǹkà bá kàn ṣe àṣìṣe, à bá rí ara gbà á. Ohun tí ó burú jù ni ohun tí ó ń ṣe sí ọkàn ènìyàn. Ewéko kékeré kan wà tí ń jẹ́ Arabidopsis, irú èpò kan tí kì í ṣe oúnjẹ ẹnikẹ́ni. Òun ni àwọn onímọ̀ ń wádìí jù lọ, nítorí ó ń yára dàgbà, ó sì rọrùn láti gbìn. A ka àkọsílẹ̀ àbùdá rẹ̀ tán ní ọdún 2000. Ti iṣu funfun tiwa kò jáde títí di 2017. A kò sọ pé iṣẹ́ lórí èpò náà jẹ́ asán, nítorí ohun tí a kọ́ lára rẹ̀ ti là wá lójú nípa ohun ọ̀gbìn mìíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fẹ́ kí òǹkà rẹ̀ yára ga yóò wò ó pé ẹgbàágbèje ènìyàn ni ń kọ̀wé nípa èyí, àwọn díẹ̀ ni ń kọ̀wé nípa iṣu, yóò sì fi iṣu bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Òmíràn yóò fọ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo sí ìwé mẹ́rin. Àwọn mìíràn yóò bá ara wọn mulẹ̀ pé: dárúkọ mi, kí n dárúkọ rẹ. Àwọn baba wa ti mọ irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí ó gbin ọgọ́rùn-ún èbù, tí ó ní òun gbin igba, nígbà tí ó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò wá jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Ilẹ̀ ni yóò jẹ́rìí sí iye tí ó gbìn ní tòótọ́.

Nítorí irú nǹkan wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ kan ṣe péjọ ní San Francisco ní ọdún 2012, tí wọ́n sì gbé ìkéde kan jáde ní 2013, pé kí a má ṣe fi òkìkí ìwé àtìgbàdégbà tí iṣẹ́ kan ti jáde dá iṣẹ́ náà lẹ́jọ́, bí kò ṣe ohun tí ó wà nínú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ìmọ̀ràn rere ni. Ṣùgbọ́n àwa rò pé gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà jìn ju ti ìkéde lọ.

Kí ni ìtọ́kasí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀? Ọpẹ́ ni. Nígbà tí Mendel bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀, ó kọ́kọ́ dárúkọ Kölreuter, Gärtner àti àwọn mìíràn tí wọ́n ti fi ewéko gba ìrudí ara wọn ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí Correns rí òfin náà ní ọdún 1900, ó lè pè é ní tirẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó kọ orúkọ Mendel sí orí àkọlé ìwé rẹ̀. Ohun yòówù tí ó wà ní ọkàn rẹ̀, ìṣe òdodo ni èyí, òkú tí kò lè gbèjà ara rẹ̀ sì gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Nítorí náà, orúkọ tí a dá nínú ìwé kì í ṣe ọrọ̀ ẹni tí a dárúkọ. Gbèsè ni, tí ẹni tí ń kọ̀wé ń san. Ìgbà tí a mú gbèsè tí ẹlòmíràn san tí a sì sọ ọ́ di adé orí wa ni ọ̀rọ̀ náà bàjẹ́. Ẹni tí ń wá kí a dárúkọ òun ń ṣàníyàn nípa ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ẹni tí ń dárúkọ àwọn ẹlòmíràn bí ó ti yẹ ń ṣe ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Apá kejì yìí ni ojúṣe wa.

Kí ni kí a wá fi òǹkà ṣe? Kí a má ṣe sọ ọ́ nù. Mendel pàápàá kò bá ti rí òfin rẹ̀ bí kò bá kà. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà ni ó kà, kì í ṣe ìyìn. Kí a fi òǹkà ṣe ẹlẹ́rìí, kí a má ṣe fi í ṣe onídàájọ́. Ẹlẹ́rìí lè sọ fún wa pé ariwo wà ní ibi báyìí. Onídàájọ́ ni yóò dìde lọ wò ó bóyá ijó ni tàbí ìjà. Èdè wa tilẹ̀ ràn wá lọ́wọ́, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fi ń pe iṣẹ́ méjèèjì: a ń ka owó, a sì ń ka ìwé. Ẹni tí ó bá ka iye ìwé onímọ̀ kan tí kò sì ka ọ̀kan nínú wọn, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀kọ́ yìí kàn wá ní kíláàsì. Kí a tó wí pé ọmọ kan kò mọ nǹkan nítorí máàkì rẹ̀, kí a ka ohun tí ó kọ. Ó lè jẹ́ pé ojú wa ni kò tíì là. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, nígbà tí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ rere nínú ìwé kan tí ẹ sì lò ó, ẹ dárúkọ ìwé náà; bí ó bá sì jẹ́ ọ̀rẹ́ yín ni ó là yín lóye, ẹ dárúkọ rẹ̀ pẹ̀lú. Kò ní dín ọgbọ́n yín kù. Ẹ gbin ọgọ́rùn-ún, kí ẹ sì wí pé ọgọ́rùn-ún ni ẹ gbìn. Bí ayé bá kà á, ó dára. Bí ayé kò bá kà á, iṣu yóò ta síbẹ̀, ẹni tí ebi ń pa yóò sì jẹ ẹ́.